Ọ̀bẹ Wo La Ó Fi Gé Fóòmù Ara Ògiri?

Àwọn kan nínú wa ní Capitol Heights ń ra fóòmù pákó-pákó láti fi bo ògiri ilé láti ìta, kí owó iná lè dín kù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Irin tí ẹ ó fi gé e ńkọ́?

Ẹ má sáré gbé ayùn oníná. Eruku rẹ̀ á gba àdúgbò kan, á sì fa etí fóòmù ya. Etí tó bá ya kì í bá èkejì pàdé. Àlàfo yẹn gan-an ni òtútù ń bá wọlé.

Fún fóòmù funfun tàbí búlúù, ọ̀bẹ gígùn tó mú dáadáa ti tó: ẹ gbé rúlà onírin lé e, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Tó bá nípọn, ẹ lo ayùn ọwọ́ tí eyín rẹ̀ wẹ́. Wáyà gbígbóná ń gé funfun náà, àmọ́ ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó. Ẹ má fi kan oníyẹ́lò tí bébà dídán bò lára o! Kì í yọ́, jíjó ló ń jó, èéfín rẹ̀ sì léwu.

Ilé yín ńkọ́? Ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olóòjé nínú ilé gbígbé. Ilé tó bá ti wà ṣáájú ìgbà náà lè ní in lára, pátákó ògiri rẹ̀ sì lè ní asbestos. Ẹ má gé e, ẹ má ha á, títí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ fún kọngíláàsì, ẹ kọ́kọ́ bèèrè nọ́ńbà láísẹ́ǹsì MHIC rẹ̀.