Ta ló wà nínú ìwé ogún Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó?

Ẹni tó bá ń tọpa ìran rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lóde òní kì í pẹ́ dé ìdí ìwé ogún. Oríkì kì í rántí ẹni tí kò lókìkí, àwọn àgbà sì ń kú lọ. Ṣùgbọ́n fáìlì Próbéètì, ẹ̀dà Crown Grant (ìwé ilẹ̀ tí ìjọba Òyìnbó fún ni) àti àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ṣì wà. Ọjọ́ wà lára wọn, òǹtẹ̀ náà wà. Àwọn ọmọ wa tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, tí wọ́n ti ya igi ìdílé sórí fóònù, fẹ́ràn òǹtẹ̀ púpọ̀. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lọ búra nítorí ogún kò lọ sọ ìtàn. Nǹkan ló lọ gbà.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló fi èyí hàn jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ àdúgbò náà nítorí ìkéde tí MKO Abíọ́lá ṣe níbẹ̀ ní 1994 pé òun ni ààrẹ. Ilẹ̀ ni àwọn lọ́yà fi mọ̀ ọ́n. Ní 1862 tí Òyìnbó gbà kí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tẹ́lẹ̀, kúrò ní Ẹ̀pẹ́ padà wálé, Òṣòdì Tápà, olóyè rẹ̀, ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dó síbẹ̀, agbolé 21. Nígbà tó yá, Crown Grant jáde lórí àwọn agbolé náà, wàhálà sì bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló ni ilẹ̀? Ṣé gbogbo àwọn tó ń gbé inú agbolé ló jọ ni ín? Àbí ti ìdílé olóyè tó kó wọn wá ni? Ìjọba wá gba apá kan lára ilẹ̀ náà, owó gbà-má-bínú délẹ̀, ẹjọ́ ìdílé Òṣòdì àti àwọn àrótà (àwọn ẹrú àti ọmọ-ẹ̀yìn olóyè, àti ìran wọn) sì rìn títí dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930. Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀: ní 1947, ìjọba ṣe òfin kan lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nìkan.

Fún ẹni tó ń wá ìran rẹ̀, ọ̀rọ̀ àrótà ni ẹjọ́ wọ̀nyí dá lé. Nínú ilé, wọn kì í pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ ẹrú lójú ara rẹ̀. Ọmọ ilé ni gbogbo wọn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n ń pe ara wọn. Níwájú adájọ́, ohùn yí padà. Ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ jẹ́ ti olóyè a ní àrótà ni àwọn yòókù, ìgbé nìkan ni wọ́n gbà wọ́n sí. Àwọn náà a ní ilẹ̀ baba àwọn ni. Àwọn kan nínú àwọn olùṣèwádìí gbà pé ilé ẹjọ́ ló tú àṣírí tí ilé fi pamọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé àǹfààní wà nínú kí a pe aládùúgbò ẹni ní àrótà lọ́jọ́ tí owó ìjọba fẹ́ jáde. Òṣòdì Tápà fúnra rẹ̀, Núpé ni. Ẹrú ọba ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ ààfin Èkó, kó tó di ìjòyè. Ta wá ni àrótà ta?

Níbi tí mo ti gbà pé ìwé ogún wúlò gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ìyá. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìdí-igi pín ogún, dandan ni kí wọ́n dárúkọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ, nítorí orúkọ ìyá ni wọ́n fi ń ka ìpín. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ nìkan ni wọn yóò kà, àwọn ìyá a sì pòórá nínú ìwé. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ló mọ ẹjọ́ ogún ará Èkó kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi ti di ohun àtijọ́. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ kò gbà, Privy Council náà sì fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962. Ọlọ́mọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbé ìdí-igi lárugẹ, ọlọ́mọ mẹ́fà a ní orí-ò-jorí ló tọ́. Nítorí náà, tí ẹ bá rí iye ọmọ nínú ìwé ìbúra, ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ ìyá wo ló búra. Ní ti ìyàwó tí kò bímọ, ẹ má wulẹ̀ wá a. Ìdí-igi kò ní igi tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Àwọn Sàró àti Àgùdà, tí wọ́n padà wálé láti Sierra Leone àti Brazil, rí ìwé kọ ju ará Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ, nítorí àwọn ló tètè ń ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, òfin ìgbéyàwó 1884 sì ti sọ bí wọn yóò ṣe pín ogún irú wọn. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ogún ni àlùfáà àti olórí ẹbí pín nínú agbolé lẹ́yìn fídáù, yàrá fún lágbájá, ìloro fún tàmẹ̀dò, láìsí ẹni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Irú ogún bẹ́ẹ̀ kì í dé Próbéètì àfi tí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Ìdílé tó bá rẹ́ dáadáa kì í ní fáìlì.

Ó di kí a lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo ẹjọ́ tí agbolé wọ̀nyí ti rí, bí àlejò bá dé tó ní òun fẹ́ mọ orúkọ ìyá bàbá òun àgbà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni pé lọ́yà wo ló rán an wá.