Ta Ló Sọ Kílọ́ọ̀ṣì Di Líle?

Nínú takisí kan tí mo wọ̀ nítòsí ọjà Dantokpa ní Kútọnù, awakọ̀ ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì Peugeot àtijọ́ rẹ̀ bí ẹni ń fẹsẹ̀ po amọ̀ ilé. Bàbá arúgbó tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti fi 504 ná ọ̀nà Pàrákú nígbà èwe rẹ̀, wò ó títí. Ó ní, “Ọmọ mi, wọn ò bí ọkọ̀ yìí báyìí. Ẹ̀yin lẹ sọ kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ di líle.” Awakọ̀ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ogbó ló ń dà á láàmú.”

Peugeot 504 jáde ní Faransé ní 1968, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní 1975, nígbà tó sì yá, èbúté Kútọnù di ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ àlòkù Yúróòpù ń gbà wọlé.

Ìyẹn ò níjà nínú. Ṣùgbọ́n ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, kí ẹ dá ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Àwọn àgbà ọ̀gá ní ọjà tòkunbọ̀ ló ba nǹkan jẹ́: ọmọdé á ra kílọ́ọ̀ṣì tí òyìnbó ti lò gbó, á kì í bọ inú ọkọ̀, á ní òun ti ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọdé ò gbà. Wọ́n ní ṣebí ẹ̀yin bàbá wa lẹ kọ́ wa pé bí díìsìkì bá jẹ tán, ká ṣáà fi ríbẹ́ẹ̀tì kan làínìǹgì tuntun mọ́ ọn, ká fi pírẹ́ṣà pílétì àti bíárìn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èmi ò rí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nínú wọn.

Bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń le nìyí: nínú pírẹ́ṣà pílétì, sípíríǹgì pẹrẹsẹ kan wà tó ní ìka yíká. Bí díìsìkì ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìka yẹn ń yí ipò padà, tí títẹ̀ wọn ń gba agbára sí i. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń le díẹ̀díẹ̀, díìsìkì rẹ̀ ló sábà ń parí lọ. Bó bá le lójijì nínú ọkọ̀ tó ń lo wáyà, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà náà bóyá ó ti gbẹ tàbí ó ti ń já fọ́nrán-fọ́nrán. 504 ò tiẹ̀ lo wáyà, òróró ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ dé ìdí gíà rẹ̀.

Valeo ti Faransé, Sachs àti LuK ti Jámánì ń di díìsìkì, pírẹ́ṣà pílétì àti bíárìn sínú páálí kan, kí mẹkáníìkì lè pààrọ̀ wọn pọ̀. Owó ni kì í jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó gbé díìsìkì àtijọ́ dání, kó wọn fífẹ̀ rẹ̀, kó ka eyín àárín rẹ̀, torí ọkọ̀ kan náà tó ń lo bẹntiróò àti èyí tó ń lo dísù lè má lo ìwọ̀n kan. Láyé àtijọ́, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ sọ́jà. Ní báyìí, fọ́tò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ohun tó bá ṣáà ti jọ ọ́ ni wọ́n ń gbé wá.

Ta ló wá kọ́kọ́ kó kílọ́ọ̀ṣì tòkunbọ̀ wọ Kútọnù? Àwọn kan ní àwọn ará Lẹ́bánónì onípáàkì ọkọ̀ ni, àwọn mìíràn ní àwọn Ìgbò ni. Obìnrin kan tó ń ta páàtì ní ìyá òun ti ń tà á kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dé. Mo ní ìwé ìrajà ńkọ́? Ó ní ta ló ráyè ìwé nígbà yẹn, òwò ni wọ́n ń ṣe.