Bí Awò Ọdẹ Ṣe Di Kékeré, àti Ìdí Tó Fi Bá Ojú Ọjọ́ Kano Mu

Ohun tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí awò awọ̀nàjíjìn ni iye ìlọ́po tó fi ń mú nǹkan súnmọ́ni: 60, 75, nígbà mìíràn 100. Nọ́ńbà yẹn ló ń ta ọjà. Ẹni tó ń gbé àdúgbò Brigade ní Kano, tó fẹ́ ra awò olójú kan tí yóò kì bọ inú àpò ẹ̀yìn lọ sí etí omi Nguru ní Yobe, lè rò pé bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni awò ṣe dára tó. Èrò tèmi yàtọ̀. Ìtàn bí awò yìí ṣe di ohun tí ọdẹ lè gbé kọ́ èjìká fi hàn pé àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ti ń dúró sí nǹkan bí ìlọ́po 20 láti ọjọ́ pípẹ́, ojú ọjọ́ àríwá Nàìjíríà sì fún wa ní ìdí tiwa láti má kọjá ibẹ̀ lọ púpọ̀. Òkè gíga ilẹ̀ òkèèrè ló sọ awò náà di kékeré. Eruku wa, ooru wa àti bí ilẹ̀ wa ṣe ń yára ṣú ló jẹ́ kí kékeré náà tó wa.

Oṣù kẹwàá ọdún 1608 ni Hans Lipperhey, oníṣẹ́ awò ojú kan ní Middelburg nílẹ̀ Netherlands, lọ bá ìjọba pé kí wọ́n fún òun ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ohun tó jìnnà dà bí èyí tó wà nítòsí. Kí ọdún 1609 tó parí, Galileo ti ṣe tirẹ̀ ní Ítálì, ó sì ti dé ìlọ́po 20. Ìṣòro kan wà níbẹ̀: gíláàsì kan ṣoṣo kì í kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan náà. Pupa ń ya síhìn-ín, búlúù ń ya sọ́hùn-ún, etí gbogbo ohun tí a ń wò a sì máa yọ àwọ̀ tí kò sí lára rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n mọ̀ sí i nígbà náà ni kí wọ́n fa awò gùn, débi pé àwọn awòràwọ̀ ń lo èyí tó gùn ju ilé lọ. Ta ni yóò gbé ìyẹn lọ sí oko ọdẹ? Ní 1758 ni John Dollond gba ìwé ẹ̀tọ́ ní London lórí lẹ́ńsì tí a fi oríṣi gíláàsì méjì ṣe, tí èkejì ń tún àṣìṣe àkọ́kọ́ ṣe. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pá idẹ alápá mẹ́ta ti jáde, èyí tí a ń fà yọ láti inú ara rẹ̀, tí a sì ń tì padà bí a bá wò tán.

Àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín ní òkè Scotland ló sọ irú ọ̀pá idẹ bẹ́ẹ̀ di ohun èlò ọdẹ ní ti gidi. Igi kò pọ̀ lórí àwọn òkè wọn. Ojú ń rí láti òkè kan dé èkejì, rírìn lọ síbẹ̀ sì lè gba wákàtí mélòó kan. Nítorí náà, wọn a fẹ̀yìn lélẹ̀, wọn a gbé awò ti orúnkún, wọn a sì wo ẹran kan fínnífínní kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ abo, tàbí akọ tí kò tíì dàgbà, wọn ò lọ. Nígbà tí Lord Lovat, ìjòyè kan níbẹ̀, kó irú àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀ jọ ní 1900 láti lọ jagun ní South Africa, ọgbọ́n wíwò yìí ni iyì wọn: Lovat Scouts, bí wọ́n ṣe ń pe ẹgbẹ́ náà, ń fi awò wá ọ̀tá bí wọ́n ṣe ń fi wá àgbọ̀nrín. Awò tí àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó wá ń lò fún irú iṣẹ́ yìí títí wọ inú Ogun Àgbáyé Kejì, ìlọ́po 20 náà ni. Wọ́n lè ṣe èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò ṣe é, torí pé ọwọ́ ènìyàn, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ kì í gbà fún ni.

Ohun tó kù láti yanjú lára ọ̀pá idẹ náà ni gígùn àti ìwúwo. Ignazio Porro, ọmọ Ítálì, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1854 lórí bí a ṣe lè fi gíláàsì onígun ká ìmọ́lẹ̀ kò nínú awò, kí àwòrán tó dorí kodò lè dìde dúró láìjẹ́ pé ọ̀pá gùn sí i. Gíláàsì ayé ìgbà náà kò mọ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn tí Otto Schott ti dá ilé iṣẹ́ gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ ní Jena ní 1884 pẹ̀lú Ernst Abbe àti Carl Zeiss ni ọ̀nà là, awò olójú méjì Zeiss sì jáde ní 1894. Awò olójú kan tí àwọn ayìnbọn ní Amẹ́ríkà fi ń wo ojú ihò ọta lára pákó gba inú ìmọ̀ yìí jáde, àwọn tó ń lé àgbò ìgbẹ́ lórí òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá máa sùn sórí òkè fún ọ̀sẹ̀ kan, tí oúnjẹ, àgọ́ àti ìbọn rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, á máa ka ẹrù ní gíráàmù. Igbe irú wọn wà lára ohun tó mú kí àwọn ilé iṣẹ́ fi gíláàsì olówó iyebíye, irú èyí tí kì í jẹ́ kí àwọ̀ yapa, sínú awò tí lẹ́ńsì iwájú rẹ̀ kò ju mìlímítà 50 lọ. Nikon ED50 kò tó ìlàjì kílò kí wọ́n tó fi ojú ẹ̀yìn, ibi tí a ń gbé ojú sí, sí i. Nígbà tí Swarovski gbé awò kékeré ATC jáde ní 2022, kò pé kílò kan, lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 56, ìlọ́po rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 17, ó parí sí 40. Ilé iṣẹ́ tó lè ṣe ohunkóhun tó bá wù ú, tí owó ọjà rẹ̀ sì ga, kò kọ 100 sára páálí.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Ẹ mú fífẹ̀ lẹ́ńsì iwájú, ẹ fi ìlọ́po pín in; ohun tó bá jáde ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú ẹyinjú. Mìlímítà 50 ní ìlọ́po 20 ń fún wa ní mìlímítà 2.5. Lọ́sàn-án gangan, ihò ẹyinjú ènìyàn kì í sábà ju mìlímítà 2 sí 3 lọ, nítorí náà ohun tí ojú lè gbà ni awò fún un. Ẹ wá yí awò kan náà dé 60: ó di mìlímítà 0.8. Àwòrán á ṣókùnkùn, á sì dàrú. Bí afẹ́fẹ́ bá mọ́ rekete, lẹ́ńsì mìlímítà 50 lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ láti kìlómítà kan bí wọ́n bá fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà síra. Ojú tó dá ṣáṣá á sì ti rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ní ìlọ́po 25 sí 30. Ohun tí a bá fi kún un lẹ́yìn náà kò fi kúlẹ̀kúlẹ̀ tuntun hàn. Òfìfo ló ń mú tóbi.

Bí afẹ́fẹ́ bá mọ́ rekete, mo wí. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ibi tí àwọn onímọ̀ kà sí orísun eruku tó tóbi jù lọ láyé, Kano sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ ń bẹ tí bàálù kò lè balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Aminu Kano nítorí pé ojú kò rí kìlómítà kan. Àkókò yìí kan náà ni àwọn ẹyẹ omi ń sọ̀ kalẹ̀ láti Yúróòpù àti Éṣíà sí ilẹ̀ àbàtà Hadejia-Nguru, kí wọ́n lè sá fún òtútù ilé wọn. Ìgbà tí a nílò awò jù ni eruku pọ̀ jù. Kò sí lẹ́ńsì, bó ti wù kó fẹ̀ tó, tó lè ríran la eruku kọjá. Bí ọyẹ́ bá sì lọ, ooru á dé. Ẹni tó bá ti wo ọ̀dà títì Zaria lọ́sàn-án oṣù kẹrin, tó rí omi tí kò sí tó ń dán lórí rẹ̀, ti mọ ohun tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń ṣe. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ilẹ̀ ti ń tú ooru sókè, ẹyẹ tó dúró jẹ́ẹ́ létí omi á sì máa jó nínú awò. Ìlọ́po 60 ń sọ ijó náà di ìlọ́po mẹ́ta ti 20.

Ẹni tó mọ̀ nípa awò á dá mi lóhùn pé lẹ́ńsì mìlímítà 80 ń kó ìmọ́lẹ̀ tó ju ìlọ́po méjì àbọ̀ ti 50 lọ, àti pé ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹran ń jáde. Òótọ́ ni, èsì tó lágbára jù lọ sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìrọ̀lẹ́ ṣe gùn tó níbi tí àṣà fífi awò ṣọdẹ ti wá. Ní òkè Scotland nígbà ìwọ́wé, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ṣeé fi ṣiṣẹ́ ń wà níta fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Ní Kano, nǹkan bí 22 ìṣẹ́jú ni. Oòrùn ilẹ̀ wa kì í rá pálá wọlé. Ṣé nítorí ogún ìṣẹ́jú yẹn ni ènìyàn yóò ṣe ru awò kílò méjì, pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wúwo tó láti gbé e ró? Ẹni tó ní mọ́tò, tí mọ́tò náà sì lè dé etí omi, lè ra ńlá. Èmi kò bá a jà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni mò ń sọ, irú wọn kò sì ṣọ̀wọ́n mọ́. Láti 2015 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà lábẹ́ iṣẹ́ kan tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos ń ṣe agbátẹrù rẹ̀. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí onígun mẹ́rin tí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 9, ẹni tó bá fẹ́ kí àkọsílẹ̀ òun pé gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán wákàtí méjì láti wá ẹyẹ káàkiri inú ọ̀kan. Adágún Nguru, tí wọ́n fi sínú àkọsílẹ̀ Ramsar ti àwọn ilẹ̀ àbàtà pàtàkì lágbàáyé ní ọdún 2000, fẹ̀, ewéko typha sì ti dí ọ̀pọ̀ etí rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ń dúró sí àárín omi níbi tí awò olójú méjì kò ti lè sọ irú èyí tó jẹ́. Síbẹ̀ náà, kí ènìyàn kọ́kọ́ ra awò olójú méjì. Olójú kan kì í wá ẹyẹ. Ó ń dá èyí tí a ti rí mọ̀ ni.

Ní ti ọdẹ, àwọn kan á ní baba wa kò lo awò rí, ẹran kò sì wọ́n nínú ọbẹ̀ wọn. Igbó kìjikìji ni ti wọn, níbi tí ojú kì í ti í rí ju ìgbésẹ̀ mélòó kan lọ, òru ni wọ́n sì ń jáde pẹ̀lú fìtílà níwájú orí. Etí àti ojú ẹsẹ̀ ẹran ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn yàtọ̀. Ní àwọn agbègbè tí ìjọba Benin yà sọ́tọ̀ nígbà kan fún ọdẹ tó san owó ìwé àṣẹ ní àyíká ọgbà ẹranko Pendjari, wíwò ẹfọ̀n láti òkèèrè ló máa ń sọ bóyá akọ àgbà ni tàbí abo, kí ẹnikẹ́ni tó na ìbọn. Bí awò bá wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ, ìbọn tí kò yẹ kó dún á dín kù.

Fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ máa fi dá mi lóhùn. Ní 2020 ni Samsung kọ 100 sẹ́yìn Galaxy S20 Ultra. Lẹ́ńsì inú fóònù kò ju mìlímítà mélòó kan lọ, òfin ìmọ́lẹ̀ kò sì ṣojúsàájú: ohun tí kò wọ inú lẹ́ńsì, kọ̀ǹpútà inú fóònù ló ń fọkàn rò ó. Fún ojú ẹ̀gbọ́n tó dúró ní òdì kejì títì, kò burú. Fún ẹyẹ méjì tó jọra bí ìbejì, tí àwọ̀ ìtẹ́lẹ̀ ìyẹ́ ló yà wọ́n, àròsọ ni.

Kí ẹni tó fẹ́ rà á ní ọjà Sabon Gari, ìbáà jẹ́ tuntun tàbí tòkunbọ̀, gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà, kó sì jáde síta pẹ̀lú rẹ̀ kí owó tó kúrò lápò. Kó wo etí òpó fóònù tó jìnnà, tí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀, ní ìlọ́po tó kéré jù àti èyí tó ga jù. Bí àwọ̀ àlùkò bá yọ létí irin náà ní 20, kó dá a padà. Kó yí ojú ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó ń dún gìrìgìrì, torí ibẹ̀ ni eruku ọyẹ́ máa gbà wọlé; awò tí wọ́n dí pa, tí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ náítírójínì kún inú rẹ̀, ló ń pẹ́ níbí. Kó má fi etí ẹ̀wù nu lẹ́ńsì; kó fẹ́ eruku kúrò kí aṣọ tó kàn án. Bó bá sì ń lọ sí ìhà Yobe, kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà ẹranko ibẹ̀, kó jẹ́ kí baálẹ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà mọ̀ ọ́n kó tó yọ awò síta, nítorí pé sójà tó rí ẹnì kan tó ń fi ọ̀pá gígùn wo ọ̀nà láti inú koríko kò ní í béèrè irú pẹ́pẹ́yẹ tó ń wá.