Ìpápánu fún Wíwo Bọ́ọ̀lù: Bí Èyí tí Wọ́n Sè Nílé Ṣe Lè Dáàbò Bo Ọkàn

Nígbàkúùgbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá bá ń lọ lọ́wọ́, ilé ọtí àti ilé ìwòran bọ́ọ̀lù káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà a máa kún fún èrò. Bí àwọn ènìyàn ti ń wòran ni wọ́n ń jẹ sùyà, asun, iwe adìyẹ aláta, ẹ̀pà àti ìpékeré. Oúnjẹ aládùn ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó jẹ́ májèlé nínú wọn. Nǹkan mẹ́ta ló ń sọ wọ́n di ewu fún ara: iyọ̀ tó pọ̀ jù, epo tí wọ́n ti dín nǹkan nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àti àkókò tí ẹran ti lò nínú àwo kó tó dé ẹnu. Ẹni tó bá sè é fúnra rẹ̀ nílé ní agbára lórí nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bọ́ọ̀lù àti ọkàn

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ikùn nìkan. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Munich àti agbègbè rẹ̀ ní Jámánì lásìkò Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2006, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2008, fi hàn pé ní àwọn ọjọ́ tí ikọ̀ Jámánì gbá bọ́ọ̀lù, iye àwọn tí àìsàn ọkàn kọlù lójijì ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti ọjọ́ mìíràn lọ. Ewu náà pọ̀ jù lọ fún àwọn tó ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀.

Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, nígbà tí Super Eagles pàdé Gúúsù Áfíríkà ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 2024, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, ìròyìn jáde pé àwọn òǹwòran kan ṣubú lulẹ̀, wọ́n sì kú, nínú ìdíje tó parí sí pẹ̀nárítì. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé oúnjẹ ló fa ikú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìlera mọ̀ dájú pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì kankan hàn, àti pé iyọ̀ àjẹjù wà lára ohun tó ń fà á. Ìdùnnú tàbí ìpayà lórí bọ́ọ̀lù a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn bá ti ga tẹ́lẹ̀, ibi tí ó ga dé ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ìwọ̀n iyọ̀

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbà pé iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó 5g. Èyí kò kún ṣíbí tíì kan, gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà ló sì wà fún. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú èròjà magí, nítorí náà ẹni tó bá fi magí àti iyọ̀ sí ẹran kan náà ti bu iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oúnjẹ oníyọ̀ tún máa ń gbẹ ọ̀fun, òùngbẹ a sì máa mú kí ènìyàn béèrè ìgò ọtí mìíràn. Ọlọ́tí ló ń jèrè èyí. Kíndìnrín àti ọkàn ni kò ní èrè níbẹ̀.

Fún sùyà ilé, ẹran màlúù tí kò lọ́ràá ni kí wọ́n gé ní pẹlẹbẹ. Kúlìkúlì lílọ̀, ata gbígbẹ, atalẹ̀ gbígbẹ, kànáfùrù àti ẹ̀ẹ̀rù ni kí wọ́n pò pọ̀ láti fi ṣe yájì. Bí ata àti atalẹ̀ bá ti tó, ìwọ̀nba iyọ̀ tí ìka méjì lè mú ti tó fún àwo kan. Kí wọ́n rẹ igi tí wọn yóò fi gún ẹran náà sínú omi kí iná má baà jó o, kí wọ́n sì yan án lórí ẹyin iná èédú, kì í ṣe nínú ọwọ́ iná. Apá ibi tó bá jóná dúdú, kí wọ́n gé e dànù, nítorí ẹran tó jóná àti èéfín ọ̀rá tó ń kán sínú iná ní àwọn èròjà tó lè ṣokùnfà àrùn jẹjẹrẹ.

Asun, tí ìlú Oǹdó ti lókìkí, kò ṣòro nílé. Kí wọ́n yọ ọ̀rá ara ẹran ewúrẹ́ náà, kí wọ́n fi àlùbọ́sà àti atalẹ̀ bọ̀ ọ́ títí yóò fi rọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n yan án díẹ̀, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí i nínú epo tí kò ju ṣíbí kan lọ.

Ọ̀rọ̀ epo

Epo tí wọ́n ti fi dín nǹkan lọ́pọ̀ ìgbà a máa pàdánù oore rẹ̀, èròjà tó ń pa ara lára a sì máa pọ̀ nínú rẹ̀. Bí epo bá ti dúdú, tó ń hó bí ọṣẹ, tàbí tó ń rú èéfín kíákíá, ó ti tó dídànù. Òfin ọdún 2022 tí àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, NAFDAC, ṣe kò fàyè gba kí ọ̀rá búburú tí wọ́n ń pè ní trans fat tí ilé iṣẹ́ ń ṣe kọjá 2g nínú 100g ọ̀rá inú oúnjẹ. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè dúró ti àgbàdà gbogbo òǹtajà ojú pópó, ṣùgbọ́n kálukú lè ṣọ́ ti ilé rẹ̀.

Ìpékeré tí wọ́n fi epo tuntun dín nílé sàn ju èyí tí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí epo rẹ̀ lọ. Bọ̀ọ̀lì tilẹ̀ sàn jù ú lọ, nítorí kò nílò epo rárá. Gúgúrú náà dára: ààbọ̀ ife àgbàdo àti ṣíbí epo méjì nínú ìkòkò tí wọ́n dé lórí yóò kún abọ́ ńlá, ó sì ní okun oúnjẹ tó ń ran ìgbẹ́ lọ́wọ́.

Ní ti ẹ̀pà, kí wọ́n ṣà á dáadáa kí wọ́n tó yan án. Ẹ̀pà tó ti bu, tó hunjọ tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà lè ní aflatoxin, oró tí olú ara irúgbìn ń pèsè, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Iná kì í pa oró náà tán. Ẹ̀pà odidi àti gúgúrú kì í ṣe oúnjẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí ó lè há a lọ́fun, pàápàá nígbà tí gbogbo ilé bá ń pariwo gọ́ọ̀lù.

Ẹran àti aago

Àjọ WHO sọ pé oúnjẹ tí wọ́n ti sè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ. Ìṣẹ́jú 90 tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ìsinmi ìṣẹ́jú 15 àti àfikún àkókò ti fẹ́ẹ̀ gba wákàtí méjì náà tán. Nítorí náà, ẹran tí wọ́n gbé kalẹ̀ nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ gbọdọ̀ ti tán, tàbí kí ó ti wọ fíríìjì, nígbà tí rẹfirí bá fun fèrè ìkẹyìn. Bí eré bá ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n gbé ìdajì kalẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìdajì tó kù gbóná lórí iná. Àwo tí ẹran tútù wà kò gbọdọ̀ gba ẹran yíyan láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ìdíje Champions League ni kì í bẹ̀rẹ̀ títí di aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án alẹ́ ní Nàìjíríà. Ó dára kí àwọn òǹwòran jẹun alẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ìpápánu má baà di oúnjẹ gidi ní òru. Ní ti ohun mímu, zobo tí wọ́n fi ìsápá, atalẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó sè láìfi ṣúgà sí i bá ẹran aláta mu. Àjọ WHO ti sọ ní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu fún ìlera.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ torí eré bọ́ọ̀lù gbàgbé rẹ̀. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, bí èémí rẹ̀ bá ń já, tàbí bí apá kan ara rẹ̀ bá kú lójijì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ dúró de ìparí eré.