Ìbísí Aláìlákọlábo Nípasẹ̀ Pípín Sẹ́ẹ̀lì: Àpẹẹrẹ Èébù Iṣu àti Igi Ẹ̀gẹ́ ní Agbègbè Iloffa

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà ti ṣàkíyèsí pé ohun abẹ̀mí lè pọ̀ sí i láìsí pé akọ àti abo pàdé. Iṣẹ́ yìí fi iṣu àti ẹ̀gẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Iloffa, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ń gbìn ṣàlàyé bí ó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀.

Bí Sẹ́ẹ̀lì Ṣe Ń Pín
Inú kókó sẹ́ẹ̀lì ni àwọn fọ́nrán kurómósóòmù tí ó gbé àbùdá wà. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ di méjì. Wọn á tò sí àárín, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan á fà sí ìpẹ̀kun tirẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì já sí méjì. Walther Flemming, ará Jámánì, ṣàpèjúwe ìgbésẹ̀ yìí ní ọdún 1882. Kurómósóòmù 36 ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́ ní. 36 náà ni sẹ́ẹ̀lì tuntun kọ̀ọ̀kan ń jogún.

Èébù àti Igi Ẹ̀gẹ́
Àgbẹ̀ kì í bó èèpo ara èébù, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì abẹ́ èèpo ni ó ń pín di ojú tí yóò hù. Ní ti ẹ̀gẹ́, ojú ara igi ni ọ̀mùnú ti ń yọ. Apá tí a rì mọ́lẹ̀ á sì ta gbòǹgbò. Àbùdá ìyá gan-an ni ọmọ ń gbé.

Èrè àti Ewu
Ẹ̀yà tí ó dára kì í tipa báyìí sọnù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ewu wà. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àrùn mòsáíìkì tí ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di alábàwọ́n. Kòkòrò funfun kékeré kan ń tàn án kálẹ̀. Igi tí a gé lára ẹ̀gẹ́ tí ó ní àrùn sì ń gbé e lọ sí oko tuntun. Bí àbùdá gbogbo oko bá jẹ́ ọ̀kan, àrùn tí ó borí ọ̀kan lè borí gbogbo wọn. Ní àwọn ọdún 1990, àrùn yìí ba oko ẹ̀gẹ́ jẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Uganda. Ẹ̀yà TMS 30572, láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí a fi rọ́pò. Mímú akọ àti abo pàdé ni a fi rí irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Pípín sẹ́ẹ̀lì ni a fi sọ ọ́ di púpọ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Ó yẹ kí olùkọ́ mú èébù àti igi ẹ̀gẹ́ wọ kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbìn ín, kí ó sì máa ṣàkíyèsí rẹ̀. Yóò tibẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí ó ṣa igi tí ó mọ́ gbìn ti dáàbò bo ìkórè ọdún tí ń bọ̀.