Iṣẹ́ Òwú Tí Ó Ti Pẹ́ Nínú Àpótí

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Agége àti Ìkẹjà, bí a bá ṣí àpótí ìyá ilé, kì í pẹ́ kí a tó kan iṣẹ́ òwú kan tí a bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí: fìlà ọmọ tí kò ní òkè, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ìborùn tí ó dé ìdajì. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó ń fa èyí nígbà gbogbo. Obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ní Ògbà tàbí Orégùn, tí iṣẹ́ òru kàn ní ọ̀sẹ̀ yìí tí iṣẹ́ ọ̀sán sì kàn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, níbo ni yóò ti rí ọwọ́ tí ó dilẹ̀? Nígbà tí oyún bá tún dé ni a máa ń rántí iṣẹ́ náà. Ó dára kí a gbé e jáde. Ṣùgbọ́n kí a tó fi ìlà kan kún un, ó tọ́ kí a wádìí òwú náà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó bá a gbé nínú àpótí. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa kó káńfọ̀, hóró funfun olóòórùn líle nì, sí àárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Fún aṣọ ọmọ titun, ewu ńlá ni. Púpọ̀ nínú àwọn hóró wọ̀nyí ni a fi naphthalene ṣe. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tí a bí pẹ̀lú àìtó èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní G6PD kò ṣọ̀wọ́n, àwọn ọkùnrin ni ó sì pọ̀jù nínú wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn naphthalene símú, tàbí tí ó bá gba awọ ara rẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, kí ojú àti ara rẹ̀ sì pọ́n. Ibà pọ́njú nìyẹn. Bí ó bá le, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó lè sọ ọ́ di adití, ó tilẹ̀ lè pa á. Ẹ má ṣe dúró de oòrùn àárọ̀ kí ó wò ó sàn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Nítorí náà, òwú tí ó ti bá káńfọ̀ gbé, ẹ fi hun ìbòrí tábìlì, kí ẹ sì ra òmíràn fún ọmọ.

Irú òwú wo ni kí a rà? Ní ọjà wa, gbogbo rẹ̀ ni a ń pè ní wúlù, bí àgùntàn kankan kò tilẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ìwé ara ìdì òwú bá ti sọnù, ẹ gé e bí ìka méjì, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú lórí àwo omi, kí ẹ sì ti iná bọ̀ ọ́. Bí ó bá jó bí ìwé, òwú oko ni. Bí ó bá ń rùn bí irun tí ó jó, irun àgùntàn ni. Bí ó bá yọ́, tí ó sì ṣù di kókó dúdú líle, òwú àtọwọ́dá ni. Èyí kò wọ́n, ó sì rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n kì í mu òógùn, ayọ́ọ̀nù gbígbóná a sì máa bà á jẹ́. Nínú ooru Èkó, òwú oko ni àwa yàn fún ara ọmọ. Ìgbà kan wà tí Nigerian Textile Mills ń hun aṣọ òwú ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà níhìn-ín; ẹ̀rọ wọn ti dákẹ́.

Bí òwú àtijọ́ kò bá tó, ẹ mú ẹyọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ọjà. Láti oṣù October ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò, ó sì ń dúró ní Agége, ní Ìkẹjà àti ní Yaba tí ọjà Tejúoṣó wà. Àwọn aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé aṣọ tí a rẹ lónìí àti èyí tí a rẹ lọ́la kì í dọ́gba tán. Bẹ́ẹ̀ ni ti ilé-iṣẹ́: ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà Lot lára ìwé òwú, kí ẹ sì ra gbogbo ìdì tí ẹ fẹ́ láti inú nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bí àwọ̀ kò bá bára mu, ẹ má fi ṣe àfipamọ́. Ẹ ra àwọ̀ mìíràn pátápátá, kí ẹ fi ṣe etí rẹ̀.

Ọwọ́ ọdún yìí kì í ṣe ọwọ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ hun èyí tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ ka ojú rẹ̀ mọ́ ti iṣẹ́ àtijọ́. Lẹ́yìn náà ẹ tú ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tó máa bá a lọ. Abẹ́rẹ́ irin tí a fi sílẹ̀ nínú iṣẹ́ lákòókò òjò a máa dípẹtà sí i lára. Bí ẹ bá tún fẹ́ dá iṣẹ́ dúró, ẹ yọ ọ́, ẹ fi okùn aláwọ̀ mìíràn gba inú àwọn ojú náà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà abẹ́rẹ́ sínú ìwé kékeré tì í.

Ẹni tí ó bá fẹ́ máa ṣe é nínú ọkọ̀ ojú irin, kroṣé ni kí ó mú lọ. Ìkọ́ kan ṣoṣo ni, bí èrò bá sì tì í, ìwọ̀nba ojú díẹ̀ ni yóò tú. Abẹ́rẹ́ gígùn méjì láàrin èrò lè gún ọmọ ẹlòmíràn lójú.