Ọdẹ Tó Ń Na Onílé

Ìyá Ṣadé, ẹ ní irú àìsàn wo ló ń ṣe ìyàwó Bàbá Ayọ̀, tí wọ́n yẹ ibà wò, tí wọ́n yẹ taifọ́ọ̀dù wò, tí wọn ò rí nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n ṣàlàyé fún yín: lupus ni.

Gbogbo wa la ní ẹ̀ṣọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò àìsàn jà. Ní ti lupus, ẹ̀ṣọ́ náà dà bí ọdẹ àdúgbò tí kò dá onílé mọ̀ mọ́, tó wá ń na ẹni tó ń san owó oṣù rẹ̀. Á kọlu oríkèé, á kọlu awọ ara, á kọlu kíndìnrín. Kì í ràn, ẹ fọkàn balẹ̀.

Nínú ènìyàn 10 tó ní in, bíi 9 ló jẹ́ obìnrin, ìgbà ọmọ bíbí ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Àwọn ọkùnrin náà ń ní in, wọn ò kàn pọ̀ ni: àpá ojú Seal, olórin ìlú Lọ́ńdọ́nù tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kì í ṣe ilà rárá, lupus inú awọ ló fà á.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìka ìyàwó Bàbá Ayọ̀ á ti gan. Kò ní lè fún aṣọ, kò ní lè de bọ́tìnì ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Tó bá di ọ̀sán, ọwọ́ á tú, ẹ ó rí i tó ń ro ọkà. Ìyá ọkọ tó bá bá a nídìí ọkà á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é láàárọ̀. Oòrùn tún máa ń ta àìsàn náà jí, ẹ sì mọ̀ pé gbangba ọjà ló ti ń ta ata.

Ti oyún ló burú jù. Àwọn kan tó ní lupus ní èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, oyún á sì máa bàjẹ́ lára wọn. Ìgbà yẹn ni ẹbí á ní ọwọ́ ayé ni, ọkọ á máa yá owó kiri, ọmọbìnrin àkọ́bí á sì di ìyá ilé lọ́sàn-án kan òru kan. Bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń fi èròjà náà hàn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì wà fún aláboyún. Ohun tí dókítà ń fẹ́ ni pé kí àìsàn náà ti rọlẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà kí oyún tó dé.

Kò tíì ní ìwòsàn pátápátá, àmọ́ ó ní ìtọ́jú. Hydroxychloroquine ni olórí oògùn rẹ̀, mọ̀lẹ́bí kilorokúìnì tó máa ń yún wa lára nígbà kan. Lọ́dún 2020 tí ariwo gba ìlú pé ó ń wo kòrónà, àwọn tí kò nílò rẹ̀ rà á tán nílé oògùn, àwọn tó ní lupus wá ń wá a kiri. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa yẹ ojú wò, kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ torí pé ara ti yá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àgbo lọ bá ìyàwó Bàbá Ayọ̀. Bí ẹ bá rí i tí ẹsẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ wú, tàbí tó ní ìtọ̀ òun ń hó bí ọṣẹ, kíndìnrín nìyẹn: ẹ bá a wá mọ́tò lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.